KÌ Í ṢE ÒKÚTA NÍ Í PA ILÉ ÀTIJỌ́ MỌ́, ÈNÌYÀN NI

  Ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ sínú ìwé ìrántí wa nípa àwọn ilé àtijọ́ tó gbayì káàkiri àgbáyé. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi gbà á, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwa la máa ń sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwa náà la sì ń sọ pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ilé àtijọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Kí ni wọ́n fi kọ́ ọ tó fi pẹ́ tó báyìí?" Wọ́n rò pé òkúta líle ni àṣírí rẹ̀. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ilé òkúta ti wó, ilé amọ̀ sì wà títí di òní. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni pé ẹni tó gbà pé ilé jẹ́ ti òun, tó sì ń tún un ṣe lásìkò, òun ló ń jẹ́ kí ilé pẹ́. Ẹ jẹ́ kí a jọ rìnrìn àjò díẹ̀ kí a tó padà sílé tiwa.

MỌ́ṢÁLÁṢÍ AMỌ̀ NÍ ÌLÚ DJENNÉ

Ìlú Djenné wà ní orílẹ̀-èdè Mali, lẹ́bàá odò Bani tó ń ṣàn lọ pàdé Odò Ọya. Odò Ọya kan náà tó gba Jẹ́bbà àti Lọ́kọ́ja kọjá ni mo ń sọ yìí. Mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà ní àárín ìlú náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ná ọjà ní ọjọ́ Ajé. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ gbogbo ògiri rẹ̀, ó sì wà lára àwọn ilé amọ̀ tó tóbi jù lọ láyé.

Ìtàn sọ pé ọba wọn kan, Koi Konboro, ló gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá. Ó wó ààfin ara rẹ̀, ó sì kọ́ mọ́ṣáláṣí sójú ibẹ̀. Ilé náà wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí Seku Amadu, olórí àwọn Fúlàní Másínà, gba ìlú náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, mọ́ṣáláṣí náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tó yá, ó kọ́ òmíràn sí tòsí rẹ̀. Ti àtijọ́ yìí ńkọ́? Wọ́n kàn pa á tì ni, òjò sì ṣe ìyókù. Nígbà tí René Caillié, arìnrìn-àjò ọmọ Faransé, dé ibẹ̀ ní ọdún 1828, ilé náà ti di ahoro, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ló kún inú rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí ibẹ̀ yẹn. Ilé tó ti rí ọba púpọ̀, tó ti rí ogun púpọ̀, ọdún díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi amọ̀ rẹ́ ẹ mọ́ ló pa á.

Èyí tó wà níbẹ̀ lónìí, láàárín ọdún 1906 sí 1907 ni wọ́n tún un kọ́. Ismaila Traoré, olórí ẹgbẹ́ àwọn bíríkìlà Djenné, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Ilé gogoro mẹ́ta wà ní ojú rẹ̀ tó kọ sí ọjà, wọ́n sì fi ẹyin ògòǹgò sí ṣóńṣó orí wọn. Àwọn igi kan tó jọ igi ọ̀pẹ yọ síta lára ògiri bí ẹ̀gún ara òòrẹ̀. Ẹni tó bá wò wọ́n lókèèrè yóò rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ọ̀ṣọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí bíríkìlà ń fẹsẹ̀ tẹ̀ gun ògiri ni pẹ̀lú. Àwọn tó kọ́ ilé náà mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àwọn ọmọ àwọn yóò máa gun ògiri yìí lọ́dọọdún láti tún un rẹ́. Nítorí náà, wọ́n kọ́ àtẹ̀gùn àtúnṣe mọ́ ara ilé.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́ mọ́ṣáláṣí yìí, ọdún ńlá ni fún gbogbo ìlú. Wọn á ti po amọ̀ pọ̀ mọ́ èèpo ìrẹsì, wọn á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ títí yóò fi kan, tí yóò sì máa fà. Àwọn ọmọdé á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọn á sì máa fi ṣeré. Tí ilẹ̀ ọjọ́ náà bá mọ́, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á máa fi agbọ̀n ru amọ̀ sáré, àdúgbò kan á máa bá àdúgbò kejì du ipò kìn-ín-ní. Àwọn obìnrin àti àwọn ọmọbìnrin á máa pọn omi wá láti odò. Àwọn àgbà bíríkìlà á jókòó síbi tó yẹ wọ́n, wọn á máa wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ẹni tó bá ṣe é kù, wọn á pè é. Ìlù ń dún, ẹ̀rín ń sọ, ẹrẹ̀ bo gbogbo ènìyàn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá ru amọ̀ lọ́jọ́ náà, ta ni yóò tún sọ fún un pé kì í ṣe ilé tirẹ̀ ni?

Kì í ṣe mọ́ṣáláṣí nìkan. Ní Djenné, ìdílé kọ̀ọ̀kan ní bíríkìlà tirẹ̀. Bàbá bíríkìlà náà ló tún ilé bàbá wọn ṣe, ọmọ rẹ̀ náà ni yóò sì tún ti àwọn ọmọ wọn ṣe. Tí ògiri bá sán, wọn kì í wá ẹni tí wọn yóò pè kiri. Nígbà tí òjò ńlá kan rọ̀ ní ọjọ́ 5, oṣù kọkànlá, ọdún 2009, tí òkè ilé gogoro kan níbẹ̀ sì wó lulẹ̀, wọ́n tún un kọ́.

Kí n má tan yín o, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn. Láti ọdún 1988 tí àjọ UNESCO ti kọ orúkọ Djenné sínú ìwé ogún àgbáyé, àwọn onílé ibẹ̀ kò lè fi sìmẹ́ǹtì àti táìlì ṣe ilé wọn bó ṣe wù wọ́n mọ́. Àwọn kan ti ráhùn pé ṣé inú iyàrá tóóró, lórí ilẹ̀ amọ̀, ni àwọn yóò máa gbé títí kí àlejò lè rí fọ́tò yà? Ọ̀rọ̀ wọn tọ́ sí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Ní ọdún 2016, UNESCO tún fi ìlú náà sára àwọn tó wà nínú ewu, nítorí rògbòdìyàn tó ń lọ ní Mali. Ìtọ́jú ilé àtijọ́ ní ìnáwó, ó ní ìfarajìn, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ló sì ń ru èyí tó wúwo jù nínú ẹrù náà.

OJÚBỌ TÍ WỌ́N Ń TÚN KỌ́ LẸ́YÌN OGÚN ỌDÚN

Ní ilẹ̀ Japan, ojúbọ ẹ̀sìn Shinto kan wà ní Ise. Igi ni wọ́n fi kọ́ ọ, igi kì í sì í pẹ́ tó òkúta. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé ilẹ̀ méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn ogún ọdún, wọn á kọ́ tuntun sórí ilẹ̀ kejì, pẹ̀lú irú igi kan náà, ìwọ̀n kan náà àti ọgbọ́n ọwọ́ kan náà. Lẹ́yìn náà ni wọn á tú ti àtijọ́ palẹ̀. Ọdún 690 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Ogun abẹ́lé dá a dúró nígbà kan fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, síbẹ̀ wọ́n padà sídìí rẹ̀. Ìgbà kejìlélọ́gọ́ta rẹ̀ bọ́ sí ọdún 2013, èyí tó kàn yóò bọ́ sí ọdún 2033.

Ẹ wò ó bí ogún ọdún ti bọ́ sí i. Káfíńtà tó bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́ nígbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún, yóò ti di ọ̀gá ní ogójì, yóò sì di àgbà tó ń fọwọ́ júwe fún ọmọdé ní ọgọ́ta. Ilé náà ń di tuntun, ìmọ̀ inú rẹ̀ sì ń di àtijọ́ sí i. Ohun tí wọ́n ń pa mọ́ gan-an ni ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ náà.

AFÁRÁ MOSTAR

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ìlú Mostar ní orílẹ̀-èdè Bosnia. Ní ọdún 1557, nígbà tí àwọn Tọ́kì ń jọba níbẹ̀, Sultan Suleiman pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́ afárá òkúta sórí odò Neretva. Hayruddin ni orúkọ ọ̀gá tó kọ́ ọ, ó sì parí rẹ̀ ní ọdún 1566. Afárá náà kò ní òpó kankan láàárín omi. Ó tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun ọdẹ láti bèbè kan dé ìkejì. Wọ́n ń pa á nítàn pé ẹ̀rù ba Hayruddin tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbẹ́ sàréè ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yọ igi tó gbé afárá náà dúró, nítorí ikú ló ń dúró dè é tó bá wó. Kò wó. Ó wà níbẹ̀ fún ọdún 427. Orúkọ ìlú náà pàápàá, Mostar, láti inú orúkọ àwọn tó ń ṣọ́ afárá ló ti jáde.

Nígbà tí ogun abẹ́lé dé, àwọn aládùúgbò tó ti jọ ń rìn lórí afárá yìí láti ìran dé ìran kọjú ìjà sí ara wọn. Ní ọjọ́ 9, oṣù kọkànlá, ọdún 1993, àwọn ọmọ ogun Croat yin àgbá lù ú títí tó fi ya sínú odò. Òkúta ni, ṣùgbọ́n òkúta kò gbà á. Àwa tí a ń gbé ìlú Jos yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wa. Ẹni tó wà níbí ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2001, mọ ohun tí ìjà aládùúgbò lè fi ilé ọdún pípẹ́ ṣe láàárín wákàtí kan.

Nígbà tí àlàáfíà dé, àwọn òmùwẹ̀ ọmọ ogun Hungary yọ lára àwọn òkúta náà láti inú omi. Wọ́n gé òkúta tuntun láti irú èyí tí Hayruddin lò, wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ wọn, wọ́n sì fi irin àti òjé dè wọ́n pọ̀ bíi ti àtijọ́. Ní ọjọ́ 23, oṣù keje, ọdún 2004, wọ́n ṣí afárá náà.

Ní ọdún 2005, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n kọ orúkọ Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo síbẹ̀ pẹ̀lú. Ènìyàn ló gba igbó yẹn là náà. Nígbà tí àwọn kan ń wọ inú rẹ̀ láti gé igi àti láti gba ilẹ̀, Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn bíríkìlà àti káfíńtà ọmọ Òṣogbo bíi Adébísí Àkànjí, fi sìmẹ́ǹtì àti amọ̀ tún ojúbọ ibẹ̀ ṣe. Wọ́n dúró ti igbó náà títí ìjọba fi fi òfin dáàbò bò ó.

ÀKỌSÍLẸ̀ NÍ PARIS

Ẹ̀kọ́ kan ṣì kù nílẹ̀ òkèèrè. Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹrin, ọdún 2019, iná jó òrùlé Notre-Dame, ilé ìjọsìn ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní Paris ní ọdún 1163. Ó ṣeé tún kọ́, wọ́n sì tún un ṣí ní oṣù kejìlá, ọdún 2024. Lára ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé olùkọ́ kan láti Amẹ́ríkà, Andrew Tallon, ti fi ẹ̀rọ wọn gbogbo igun ilé náà ní ọdún 2010. Ó kú ní ọdún 2018, kò sì rí iná náà. Ìwọ̀n tó fi sílẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

ÀWỌN ÀGÙDÀ ÀTI ILÉ WỌN NÍ ÈKÓ

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé wàyí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Brazil, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí Èkó àti Porto-Novo. Àwa la sọ wọ́n ní Àgùdà. Wọn kò padà lọ́wọ́ òfo. Wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ káfíńtà àti ọnà ara ògiri tí wọ́n kọ́ ní Bahia bọ̀. Ní Pópó Àgùdà ni wọ́n ti kọ́ àwọn ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí orí fèrèsé wọn rí róbótó, tí wọ́n fi òdòdó sìmẹ́ǹtì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà tí owó kòkó dé, àṣà ilé yìí tàn dé àwọn ìlú òkè. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni bàbá ńlá rẹ̀ kọ́ irú rẹ̀ sílé: iyàrá lọ́tùn-ún, iyàrá lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín, ọdún tí wọ́n kọ́ ọ sì wà lára ògiri lókè ẹnu ọ̀nà.

Ilé méjì ni mo fẹ́ kí a fi wéra. Èkínní ni Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó. Mohammed Shitta, oníṣòwò ńlá tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tó gba òmìnira ní Sàró, ló fi owó rẹ̀ kọ́ ọ. João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ni ọ̀gá tó kọ́ ọ. Ọjọ́ 4, oṣù keje, ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i, ọjọ́ náà sì ni wọ́n fi oyè Bey tí Sultan Tọ́kì fi ránṣẹ́ dá Shitta lọ́lá. Èkejì ni Ilojo Bar, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí ìdílé Fernandez, àwọn Àgùdà, kọ́ sí gbàgede Tinúbú ní nǹkan bí ọdún 1855. Ó bọ́ sọ́wọ́ ìdílé mìíràn ní ọdún 1933. Ní ọdún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó.

Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2016, katapílà wó Ilojo Bar palẹ̀. Ilé ọgọ́jọ ọdún di òkìtì.

Kí ló fà á tí ọ̀kan fi wà, tí èkejì fi lọ? Òfin wà lórí Ilojo Bar fún ọgọ́ta ọdún. Ohun tí mọ́ṣáláṣí ní ni àwọn ènìyàn tó ń wọ inú rẹ̀ nígbà márùn-ún lóòjọ́. Bí páànù kan bá ṣí lálẹ́, wọ́n ti mọ̀ kí wọ́n tó kírun àsùbáà. Mi ò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ẹni tó bá mọ ilé ẹbí tó ń jò, tí kò sówó láti tún un ṣe, tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ń gbówó lérí lójoojúmọ́, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé òfin nìkan kì í gun òrùlé.

ÀWA ŃKỌ́?

Nínú ọgbà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos níbí, Zbigniew Dmochowski, ọmọ ilẹ̀ Poland tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn àwọn ilé ìbílẹ̀ Nàìjíríà tó sì ń ya àwòrán wọn, ṣètò pé kí wọ́n mọ àwòkọ́ṣe wọn síbẹ̀. Odi Kánò wà lára wọn, mọ́ṣáláṣí Zaria wà níbẹ̀, mọ́ṣáláṣí àtijọ́ Ìlọrin náà sì wà níbẹ̀. Àlejò ló wá wọn ilé wa kí ó má bàa sọnù. Ẹ̀yin òbí, ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ wò ó.

Àmọ́ ilé tó ń dùn mí jù kò sí nínú ìwé UNESCO kankan. Ilé ẹbí wa ni, èyí tí a fi sílẹ̀ lẹ́yìn nígbà tí a ń bọ̀ ní òkè ọ̀hún. A kọ́ ilé tuntun síbí, ó dára. Ṣùgbọ́n tí bàbá bá kú, àwọn ọmọ a máa jà lórí ẹni tí yóò jogún iyàrá, kò sì sí ẹni tí yóò ra páànù. Níbi tí wọ́n ti ń jà ni òjò ti ń jogún rẹ̀. Ọmọ tí a bí sí Jos yóò wá délé lọ́jọ́ kan, yóò bèèrè ilé bàbá rẹ̀, wọn yóò sì fi pápá hàn án.

Mo dá ohun mẹ́rin lábàá fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ ya fọ́tò ilé náà, inú àti ìta, kí ẹ wọn iyàrá rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ àti ọdún tó kọ́ ọ sílẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé. Ìkejì, kí ẹ dá owó àtúnṣe sọ́tọ̀, bó ti wù kó kéré mọ, kí ẹ sì máa dá a lọ́dọọdún. Nínú ẹbí tiwa, ìgbà Àjíǹde la ń dá tiwa, owó páànù la sì ń pè é. Ìkẹta, kí ẹ ní bíríkìlà kan tó mọ ilé náà, bíi ti Djenné. Ìkẹrin, tí ẹ bá lọ sílé fún ọdún, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá wọn ṣiṣẹ́. Kí ọwọ́ wọn kan ògiri náà. Ohun tí ọmọdé bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe, kì í tètè tà á.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, òjò ọdún yìí ń bọ̀. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí ilé wa di ahoro, kí ó má jẹ́ kí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ jogún ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá wa. Àṣẹ.